Bí fóònù bá já sínú aró: WhatsApp, Instagram, àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ímeèlì fún ẹni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ọjọ́ tí fóònù mi já sínú ìkòkò aró ni mo tó mọ̀ pé n kò ní oníbàárà kan tí mo lè pè ní tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò, mò ń wò ó bóyá aṣọ ti mu aró tó, fóònù yọ nínú àpò bùbá mi, ó di gbìì nínú aró. Sìímù kò kú, nọ́ńbà mi kò sì sọnù. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ènìyàn tí mo ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́rin, orí fóònù yẹn nìkan ni wọ́n wà. Broadcast mẹ́ta tí mo fi ń polówó lórí WhatsApp, ìyẹn àkójọ orúkọ tí ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà, bá a lọ. Odidi oṣù méjì ni mo fi jókòó, tí mò ń retí kí oníbàárà kọ̀wé sí mi kí n lè tún fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Obìnrin kan wà ní Houston tó máa ń ra ogún yáàdì fún ẹgbẹ́ wọn lọ́dọọdún. Títí di òní, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Adìrẹ ni mò ń tà, l'Abẹ́òkúta, nítòsí Ìtòkú. Àwọn oníbàárà mi kan wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn, àwọn kan wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí aró ti gbé fóònù mi mì ni mo ti ń gbé ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kó orúkọ oníbàárà jọ síwájú ara wọn, tí mò ń fi ọ̀kan wé èkejì. Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ni wọ́n lè dí wọn mọ́ yín lójú nígbà tó bá wù ú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn gbogbo wọn: bí wọ́n bá dí i lónìí, ta ni mo ṣì lè bá sọ̀rọ̀ lọ́la?

WhatsApp: ó yá, àmọ́ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀

Kí a má tan ara wa, WhatsApp lọba lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò ṣí ímeèlì láti oṣù tó kọjá yóò ti ka WhatsApp kó tó rin orín. Bí mo bá gbé àwòrán adìrẹ sí Status láago méje àárọ̀, kí n tó mu ẹ̀kọ tán, ẹnìkan á ti bi mí pé, “Àǹtí, èló nìyẹn?” Ímeèlì kò lè ṣe èyí láéláé, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ òwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì parọ́ fún yín.

Ìgbà tí oníbàárà bá pọ̀ ni wàhálà ń dé. Broadcast kan kò gbà ju ènìyàn 256 lọ. Ìyẹn kọ́ ló burú jù, nítorí ẹ lè ṣe méjì, ẹ lè ṣe mẹ́ta. Èyí tó burú ni pé ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ gbà, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Ẹ ó máa rò pé igba ènìyàn lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ pé ogójì péré ló ń gbọ́. Mo dán an wò rí. Mo pe àwọn mẹ́wàá nínú Broadcast mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí adìrẹ Ìbàdàndùn tí mo polówó lọ́sẹ̀ náà. Mẹ́rin ló rí i. Nínú mẹ́fà tó kù, ẹnìkan sọ pé òun ti rò pé mo fi òwò sílẹ̀ ni.

Group gba ènìyàn tó 1,024, ṣùgbọ́n gbangba ni nọ́ńbà gbogbo wọn wà níbẹ̀. Mo ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Ẹnìkan tó ń ta kàmpálà wọlé bí oníbàárà, ó fara balẹ̀ kó nọ́ńbà wọn, ó wá ń kọ̀wé sí wọn níkọ̀kọ̀ lóru. Ká tó wá sọ ti àdúrà gígùn láago márùn-ún ìdájí àti fídíò egbògi tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Channel, tó dé ní ọdún 2023, tún ti nọ́ńbà ṣe: àwọn tó ń tẹ̀lé yín kò lè rí nọ́ńbà ara wọn. Àmọ́ ẹ̀yin náà kò rí nọ́ńbà ẹni tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ lè kó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó lọ.

Instagram àti Facebook

Èyí kò ní pẹ́. Ìsọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìwé orúkọ. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń rí ọjà yín, pàápàá ọjà tó ń fi ojú tà bí adìrẹ. Ṣùgbọ́n ayálégbé ni gbogbo wa níbẹ̀, onílé ló sì ń pinnu iye ènìyàn tó máa rí ohun tí a pàtẹ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa ní oṣù Kẹfà, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ẹni tó ní ìwé orúkọ lọ́wọ́ kọ lẹ́tà kan ní àkókò náà, ó sọ ibi tí wọ́n ti lè rí òun, ó ń bá ọjà rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ní, oṣù méje ni ó fi ń wá àwọn ènìyàn rẹ̀ kiri.

Àtẹ̀jíṣẹ́: àmì ohùn ń jẹ owó

Mo fẹ́ràn àtẹ̀jíṣẹ́ nítorí pé kò béèrè détà, ó sì ń wọ fóònù onítọ́ọ̀ṣì tí màmá mi ń lò. Owó ló ń lé mi sẹ́yìn. Nǹkan kan sì wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé àwa tí à ń kọ Yorùbá ló ń ṣe jù. Ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì lásán kọ ọ́. Bí ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, ojú ewé náà á sún kì, á di 70. Kò tán síbẹ̀ o: ẹ́ tàbí ọ̀ tó ní àmì lókè tó tún ní lábẹ́, méjì ni ẹ̀rọ ń kà á sí. Ìkéde adìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo rò pé ojú ewé kan ni á di mẹ́ta, mẹ́ta náà ni n ó sì san lórí ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá sì tìtorí owó yọ àmì kúrò, ọkọ, ọkọ́ àti oko ti di ọ̀kan náà nìyẹn, kí oníbàárà máa fi orí ara rẹ̀ ro ó.

Ẹni tó bá tún ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, nọ́ńbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ ìpolówó, ìpolówó yín kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń lo àtẹ̀jíṣẹ́ fún: láti sọ fún oníbàárà pé ọkọ̀ tó gbé ẹrù rẹ̀ ti kúrò ní gáréèjì. Fún ìyẹn, kò sí èyí tó dà bí rẹ̀.

Ímeèlì: ó lọ́ra, àmọ́ ẹ lè gbé e rìn

Àléébù rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ṣí Gmail nítorí pé fóònù Android béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ọmọ tó ta fóònù ló bá wọn ṣí i, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń ta ẹ̀wà àgànyìn, ẹ jókòó ti WhatsApp yín. N kò mọ ìdí tí ẹ fi máa kọ lẹ́tà sí ẹni tí ebi ń pa lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọjà kan wà tí ènìyàn ń ro dáadáa kó tó rà á. Ẹni tó fẹ́ fi adìrẹ ṣe aṣọ ẹbí ní London ní oṣù Kẹjọ, oṣù Kejì ló ti ń wò ó. Yóò bá ìyá ìyàwó sọ̀rọ̀, yóò wo àwọ̀, yóò gbàgbé, yóò tún rántí. Ohun tí mo gbé sí Status ti kú lẹ́yìn wákàtí 24. Lẹ́tà ímeèlì ṣì wà nínú àpótí rẹ̀. Yóò wá a jáde, yóò rí iye tó jẹ́, yóò tì í ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Manchester. Àwọn oníbàárà mi tó wà lókè òkun, inú ímeèlì ni owó iná wọn ń gbà dé, ibẹ̀ ni ilé ìwé ọmọ wọn ti ń kọ̀wé sí wọn. Wọn kò lè ṣe kí wọ́n má ṣí i. Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò náà tún wà níbẹ̀: adìrẹ fẹ́ oòrùn kó lè gbẹ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ aṣọ Kérésìmesì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ látẹnu mi kó tó di oṣù Kẹwàá. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, tó fẹ́ àlàyé àti ọjọ́, kò ṣeé há mọ́ inú Status.

Èyí tó wá mú mi gbà fún ímeèlì ni pé ìwé orúkọ rẹ̀ kò ju fáìlì kan lọ. Orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, ó tán. Ẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní fáìlì CSV, irú èyí tí Excel lè ṣí, kí ẹ kó o kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Nítorí náà, bí ọjà yín bá jẹ́ ti owó kékeré, tí ẹ̀yin àti oníbàárà sì jọ wà nílùú kan náà, ẹ mú WhatsApp. Bí ọjà bá gba ìrònú, tàbí tí oníbàárà bá wà lókè òkun, tàbí tó jẹ́ ẹ̀kọ́ àti ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ń tà, ẹ mú ímeèlì. Èmi ń lo méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ra ọjà mi lórí WhatsApp, mo máa ń wá ọ̀nà láti gba ímeèlì rẹ̀ kí owó tó wọlé tán.

Ta ni kó bá yín fi lẹ́tà ránṣẹ́?

Gmail lásán ni ọ̀pọ̀ wa fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹ kó àdírẹ́sì gbogbo wọn sí BCC, níbi tí wọn kò ti ní rí àdírẹ́sì ara wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Fún ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn, kò burú. Ẹ ṣáà má ṣì í kó sí CC. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta aṣọ òkè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ rí àdírẹ́sì ara wọn, bàbá kan sì fèsì fún gbogbo ilé pé fìlà tí òun rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ṣí kó tó pé oṣù kan. Yàtọ̀ sí ìtìjú, Gmail ọ̀fẹ́ kò gbà ju ènìyàn 500 lọ lójúmọ́, kò sì fi bọ́tìnì tí ẹni tó ti sú lè fi yọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà yín. Ẹni tó wá bọ́tìnì yẹn tí kò rí i, Spam ló máa tẹ̀. Bí irú wọn bá pọ̀, Google yóò máa gbé lẹ́tà yín lọ sínú ààtàn, títí kan ti àwọn tó fẹ́ràn yín.

Mẹ́rin ni mo ti fọwọ́ kàn nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí:

| Ilé iṣẹ́ | Ohun tó ń ka owó lé | Ohun tí ọ̀fẹ́ rẹ̀ gbà |
|---|---|---|
| Mailchimp, Amẹ́ríkà | Iye orúkọ, títí kan ẹni tó ti yọ ara rẹ̀ | Orúkọ 2,000 tẹ́lẹ̀, wọ́n gé e sí 500 ní 2023 |
| MailerLite, Lithuania | Iye orúkọ tó ṣì wà níbẹ̀ | Orúkọ 1,000 tẹ́lẹ̀, wọ́n gé e sí 500 ní 2025 |
| Brevo, Faransé | Iye lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ | Lẹ́tà 300 lójúmọ́ |
| Kit, Amẹ́ríkà | Iye orúkọ | Orúkọ 10,000 |

Ẹ wo ìlà kẹta tábìlì yẹn dáadáa, ìyẹn ti Brevo, tó ń jẹ́ Sendinblue títí di 2023. Òun nìkan ni kò bìkítà iye orúkọ tí ẹ ní. Lẹ́tà ló ń kà. Bí ẹ bá ní ènìyàn 900 tí ẹ sì ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ lè pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, 300 lójúmọ́, kí ẹ má san kọ́bọ̀. Fún ẹni tó ń ta nǹkan bíi tèmi, tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ, ibẹ̀ ló dára jù. Ẹni tó bá ń kọ̀wé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó ń kọ́ni tàbí tó ń ta ìwé, kó lọ sí Kit, tó ń jẹ́ ConvertKit tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ló mú ọ̀fẹ́ rẹ̀ fẹ̀ sí i. Lẹ́tà rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀: ó jọ lẹ́tà, kò jọ ìwé ìpolówó. MailerLite rọrùn fún ẹni tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí, àmọ́ wọ́n á yẹ yín wò kí wọ́n tó gbà yín láyè, nítorí náà ẹ ní ojú òpó kan tí wọ́n lè wò.

Mailchimp ló lórúkọ jù, òun sì ni gbogbo fídíò ń kọ́ ènìyàn. N kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Ẹni tó ti ní òun kò ṣe mọ́ ṣì ń jẹ àyè lórí owó yín, àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé e lọ sínú àkójọ àtijọ́. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá ń san owó ọkọ̀ fún ẹni tó ti sọ̀kalẹ̀ ní Ṣágámù.

Owó dọ́là ni gbogbo wọn ń gbà, ibẹ̀ ni ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ronú jù. Ní 2022, àwọn báǹkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, ọ̀pọ̀ sì wá ti ojú ọ̀nà náà pa pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, iṣẹ́ tó jẹ́ 15 dọ́là lóṣù kò tó ẹgbẹ̀rún méje náírà. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹ́ kí náírà máa léfòó ní oṣù Kẹfà ọdún náà, 15 dọ́là kan náà ti di nǹkan bí 22,500 náírà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí dọ́là kan wọ 1,500. Iṣẹ́ kò yí padà, lẹ́tà kò pọ̀ sí i. Nítorí náà, kí ẹ tó yan ọ̀kan, ẹ má wo ọ̀fẹ́ nìkan. Ẹ wo iye tí wọ́n máa gbà lọ́jọ́ tí ọ̀fẹ́ bá tán, ẹ fi náírà ka á, kí ẹ bi ara yín léèrè bóyá èrè yáàdì mélòó ni ìyẹn.

Àdírẹ́sì Gmail tàbí ti orúkọ ilé ìtajà yín?

Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti mú òfin wọn le. Ilé iṣẹ́ tó ń bá yín fi lẹ́tà ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ rán an lóòótọ́. SPF, DKIM àti DMARC ni wọ́n ń pe àmì náà. Ẹ rò ó bí àrokò: ìránṣẹ́ tó dé láìmú àrokò dání, tó ní ọba ló rán òun, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa dá a dúró sí. Bí ẹ bá fi àdírẹ́sì tó parí sí gmail.com ránṣẹ́ láti Brevo tàbí Mailchimp, àrokò ẹlòmíràn lẹ mú dání yẹn.

Orúkọ tiyín, bí èyí tó parí sí .com.ng, ṣeé rà ní náírà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á níbí, ó sì wà lára ohun tí kò wọ́n jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ti fífi àmì mẹ́ta yẹn sí i, ẹ san owó fún ọmọ tó mọ̀ ọ́n. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe tèmi, mo lẹ ìlà kan mọ́ ibi tí kò yẹ, lẹ́tà mi kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọmọ àbúrò mi wá, ogún ìṣẹ́jú ló fi tún un ṣe.

Ibo ni orúkọ ti ń wá?

Àwọn kan ń ta fáìlì àdírẹ́sì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ẹ má rà á. Wọn kò mọ̀ yín, Spam ni wọ́n máa tẹ̀, òfin náà sì lòdì sí i. Òfin ààbò détà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 sọ pé bí ó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda ẹni lẹ gbé e lé, ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ó yọ̀ǹda, ó sì lè gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà nígbàkígbà. Àwọn oníbàárà wa ní Ìlú Ọba ní òfin tiwọn, tó le jùyẹn lọ. Ti Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 2003, ní dandan ni kí àdírẹ́sì tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lè mú lẹ́tà dé wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà nínú ilé, ẹ má kọ àdírẹ́sì yàrá yín síbẹ̀. Ẹ gba àpótí lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Níbi ìpàtẹ, ìwé àti bírò ni mo kọ́kọ́ ń lò. Ó ń yá ènìyàn lára láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá délé ni mo máa ń jìyà: ṣé l ni èyí ni àbí 1? Ṣé o ni àbí òdo? Nínú ọgọ́ta tí mo kó wálé nígbà kan, mọ́kànlá ló ta padà. Nísinsìnyí mo tẹ àmì QR sórí páálí, wọ́n á fi fóònù yà á, wọ́n á kọ ọ́ fúnra wọn. Ó dín iye ènìyàn kù díẹ̀, nítorí àwọn àgbà kò rójú fún un, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tó wọlé mọ́. Ẹ tún lè sọ pé kí ẹ̀rọ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ kí ẹni náà tẹ̀ ẹ́ láti jẹ́rìí sí i. Èyí ń ṣẹ́ àwọn tó kọ “gmial” tàbí “yahoo.con” kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó ń pàdánù àwọn kan tó gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Mo gbà láti pàdánù wọn.

Ẹni tó bá sanwó nípasẹ̀ Paystack ti fi ímeèlì sílẹ̀, nítorí ojú òpó náà máa ń béèrè rẹ̀. Ó dùn láti rí, àmọ́ ìwé ẹ̀rí ìsanwó ló fún yín ní àdírẹ́sì fún, kì í ṣe ìpolówó. Ẹ kọ́kọ́ bi í. Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì sí báǹkì, tí wọ́n pọ̀ jù lọ́dọ̀ tèmi, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ìgbà tí mo bá ń gba orúkọ, nọ́ńbà àti ibi tí ẹrù ń lọ lọ́wọ́ wọn ni mo ń fi ìbéèrè kan kún un: “Ṣé kí n fi bí ẹ ó ṣe máa fọ adìrẹ yìí tí kò fi ní ṣí ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, kí n sì máa sọ fún yín bí tuntun bá dé?”

Ìbéèrè yẹn ló ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo dán wò. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kọ “Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún lẹ́tà wa,” kò sì sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ta ló fẹ́ lẹ́tà? Mo tún ṣe ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, wọ́n ya wá, wọ́n ra ọ̀kan, wọ́n yọ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fọ adìrẹ ń ká gbogbo ẹni tó rà á lára: omi tútù, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ sá a síbi òjìji.

Irú lẹ́tà wo?

Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo ń kọ ọ́. Àkọlé tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ni “Lẹ́tà wa ti oṣù Kẹta”. Èyí tí mo lò kẹ́yìn ni “Olókun mẹ́ta ló kù”; irú adìrẹ kan ni Olókun. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tà lọ́jọ́ náà, ẹnìkan sì ń bínú pé n kò pa kẹrin mọ́ fún òun. Báyìí ni inú rẹ̀ ṣe rí:

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òjò kò jẹ́ ká rí oòrùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí náà Olókun mẹ́ta péré ló gbẹ dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yáàdì márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó fèsì sí lẹ́tà yìí, èmi fúnra mi ni n ó ka á.”

Àwòrán kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó tán. Ẹ má kó àwòrán mẹ́wàá sí i, détà oníbàárà ni ẹ̀ ń jẹ. Bí lẹ́tà bá sì ti wúwo ju 102 KB lọ láìka àwòrán, Gmail yóò gé e, bọ́tìnì ìyọra tó wà nísàlẹ̀ yóò sì pamọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ yìí yóò máa sọ iye ènìyàn tó ṣí lẹ́tà fún yín. Ẹ má fi ìyẹn pọ́n ara yín lójú. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni fóònù Apple ti lè máa ṣí lẹ́tà fúnra rẹ̀ kí ẹni tó ni ín tó rí i, àwọn tó wà lókè òkun ló sì ń lo iPhone jù nínú ìwé tèmi. Èsì tí wọ́n kọ àti owó tó wọlé ni mo ń kà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù, mo máa ń sọ fáìlì orúkọ náà kalẹ̀. Ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà lórí Google Drive tí mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì, ọ̀kan wà nínú fúláàṣì tí àbúrò mi fi sínú àpótí rẹ̀ n'Íbàdàn. Ní ti fóònù, mo ti ran àpò onísíìpù sí bùbá tí mo fi ń ṣiṣẹ́.